Ìwé Tí Kò Gbọ́ Ẹ̀rín

Ìwé ojú mẹ́ta péré ni wọ́n fẹ́ fi sọ Yotamu Jere sẹ́wọ̀n títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Mo ti rí ìwé burúkú láyé mi, nítorí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe ògbufọ̀ nílé ẹjọ́ Kabwe kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n èyí bí mi nínú débi pé mo gbàgbé ẹ̀wà lórí iná. Gbogbo rẹ̀ ló jóná. Mi ò bínú sí ẹ̀wà, ìwé yẹn ni mo bínú sí.

Lọ́yà tó gbé e wá, ọmọ Tonga kan tó ń jẹ́ Choolwe Hamoonga, jókòó sórí àpótí ìdáná mi, ó ń nu òógùn ojú. Àwọn aláìní ló ń gbẹjọ́ rò fún, ìjọba ló sì ń sanwó fún un. Ẹ wo bàtà rẹ̀, ẹ ó mọ iye tí ìjọba ń san.

"Bana Musonda," ó ní, ìyẹn ìyá Musonda lédè wa, "wọ́n ní kò sí ẹni tó gbọ́ Bemba tó yín ní gbogbo Kabwe."

"Wọn ò parọ́. Kí ni nǹkan mìíràn tí wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ẹ lẹ́nu."

"Wọn ò parọ́ ìyẹn náà. Ó yá, sọ tẹnu ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ro ẹjọ́ náà fún mi. Yotamu Jere, ọmọ Ngoni, àti Chewe Kasonde, ọmọ Bemba bíi tèmi, jọ ń pẹja nínú irà Lukanga. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jọ wa ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kejì, ìjì dojú ọkọ̀ náà dé, Chewe sì bómi lọ. Yotamu ló wẹ̀ lọ fà á jáde, òun ló pọn òkú rẹ̀ la koríko irà kọjá títí ó fi dé ibi tí èèyàn wà. Wọ́n sin Chewe, kò sẹ́ni tó fura sí nǹkan kan. Lẹ́yìn oṣù kan ni Kabaso, àbúrò Chewe tó ti Johannesburg wá sìnkú, mú fóònù lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Ó ní Yotamu ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìpànìyàn, fóònù sì ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Àwọn ọlọ́pàá kọ ohùn náà sínú ìwé, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, wọ́n sì lọ mú Yotamu.

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ibi tó gbóná jù níbẹ̀ nìyí:

YOTAMU: Èmi ni mo pa á. Ẹ wo ọwọ́ tí mo fi pa á.

(Ariwo.)

KABASO: O ṣeun. Ó ti pẹ́ tí a ti ń bẹ̀ ọ́ pé kí o wá mú un lọ.

(Ariwo.)

YOTAMU: Bí mi ò bá tíì gba ohun tó tọ́ sí mi, kò ní kúrò níbí.

KABASO: Gbà, kí o sì yà lọ́nà.

(Ariwo.)

"Kabaso ní ẹ̀yìn ilé ìdáná ni àwọn méjèèjì wà, lọ́jọ́ kejì ìsìnkú," Hamoonga ní. "Ó ní ńṣe lòun díbọ́n bí ẹni tó fara mọ́ ọn, kó lè tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀."

"Kí ni Yotamu sọ?"

"Ó ní ẹ̀fẹ̀ ni."

Kò sẹ́ni tí wọ́n tọ́ dàgbà nílẹ̀ wa tí kò mọ̀ pé ìbátan yẹ̀yẹ́ ni Bemba àti Ngoni. Àwọn baba ńlá wa bá ara wọn jagun títí ó fi sú wọn, wọ́n wá fi èébú rọ́pò ọ̀kọ̀. Láti ìgbà náà, bí Bemba bá kú, Ngoni á wá bú òkú, á dí pósí lọ́nà, á ní òun lòun pa á, títí ẹlẹ́kún á fi rẹ́rìn-ín. Bí Ngoni ló bá kú, àwa náà á lọ. Ẹni tó bá bínú níbẹ̀ ló kó ìtìjú bá ara rẹ̀.

"Ẹjọ́ ti parí nìyẹn," mo ní. "Sọ fún adájọ́ pé ẹ̀fẹ̀ òkú ni, kí gbogbo wa máa lọ sílé."

"Mo ti sọ ọ́. Agbẹjọ́rò ìjọba ní ẹ̀fẹ̀ òkú kì í wáyé láàárín èèyàn méjì ní kọ̀rọ̀. Ó ní ta ni wọ́n ń pa lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Yotamu búra pé òun ò bá Kabaso sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ rí, pé ẹ̀fẹ̀ tí òun ṣe níbi òkú náà pọ̀ débi pé òun ò mọ èwo nìyí, àmọ́ ìwé ní ó bá a sọ̀rọ̀. Ìwé ni adájọ́ máa gbà gbọ́."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ìnsípẹ́kítọ̀ Mubita."

"Mubita ará Mongu? Ìgbà wo lòun gbọ́ Bemba?"

"Ó ní òun gbọ́ ọ."

Mo mọ irú Bemba tí Mubita gbọ́. Bemba ibùdókọ̀ ni: èló ni, gbé e wá, sún síwájú. Mo bọ́ aṣọ ìdáná, mo wọ bàtà, mo ní kí Hamoonga kọ́kọ́ mú mi lọ wo ọkùnrin náà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí ilé ẹjọ́ tún jókòó.

Bí wọ́n ṣe mú Yotamu jáde sí mi, mo ṣe ohun tí ìbátan yẹ̀yẹ́ máa ń ṣe. Mo wò ó látòkè délẹ̀, mo pòṣé. "Ìwọ ni wọ́n ní o pa Bemba? Pẹ̀lú apá tín-ín-rín yìí? Ọmọ Ngoni tí eku oko rí tí kò sá! Wọ́n ti purọ́ mọ́ ọ, ọmọ mi, Bemba kan ò lè kú lọ́wọ́ ẹ láéláé."

Ó yẹ kó dá a padà fún mi. Ó yẹ kó bèèrè iye ọ̀bọ tí mo jẹ láàárọ̀, nítorí ohun tí wọ́n máa ń bú wa nìyẹn. Ó kàn ń wo ilẹ̀ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mama," ó ní. "Ẹnu yìí ló kó mi síbí. Mo ti pa á dé."

Oṣù mẹ́wàá ló ti lò níbẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé ní gbogbo àgbègbè irà, kò sí Ngoni tó lẹ́fẹ̀ tó o, pé àwọn èèyàn máa ń rán mọ́tò lọ gbé e wá síbi òkú. Ẹni tó jókòó síwájú mi ò lè gbójú sókè. Mo ń bọ̀ lọ́nà, mo ń sunkún, mi ò sì jẹ́ kí Hamoonga rí i.

Fóònù Kabaso ti bọ́ sọnù nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀dà tí àwọn ọlọ́pàá dà sórí kọ̀ǹpútà ló kù, ìyẹn náà sì wà ní yàrá ìwé nílé ẹjọ́. Mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bọ etí. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ohùn náà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni Mubita kọ sínú ìwé.

Mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ohun tí ìwé sọ gẹ́lẹ́ ni mo gbọ́. Mo tẹ́ ìwé síwájú, mo ń fi ìka tẹ̀lé e, aṣọ ń ha fóònù gbàrà-gbàrà, láàárín rẹ̀ mo gbọ́ ọkùnrin méjì tó ń sọ̀rọ̀. Ohùn kejì há, ó wúwo, mo ní Kabaso nìyí. Mo tún un gbọ́ nígbà ogún, Kabaso náà ni. Ẹ̀rù bà mí. Mo délé, oúnjẹ ò wọlé. Mo ń rò ó pé bóyá òótọ́ ni ọmọ yìí pa ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn yẹn bàjẹ́, mo bá jẹ́ kí ohùn náà jáde síta. Ba Sinkala, àgbàlagbà tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀, jókòó sí tábìlì kejì, ó ń jẹ òkèlè nshima àti ẹja kapenta. Òun ò ka ìwé kankan. Oúnjẹ rẹ̀ ló gbájú mọ́. Ó ṣàdédé gbórí sókè.

"Bana Musonda, òkú ta ni wọ́n ń gbé jáde níbẹ̀ yẹn?"

"Òkú wo?"

"Òkú tí wọ́n ń gbé ká. Àbí ẹ ò gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó gbé pósí? Áà, ìyá yẹn mà ti sunkún o, ohùn ẹ̀ ti há tán."

"Ìyá wo, Ba Sinkala?"

"Ìyá arúgbó tó ń sọ̀rọ̀ yẹn! Ẹ̀yin kọ́ lẹ jókòó tì í ni?"

Mo gbá ìwé náà mú, mo kì í sábẹ́ ìdí mi, mo jókòó lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ ohùn náà látìbẹ̀rẹ̀. Ibi mọ́kànlá ni Mubita ti kọ "ariwo" sí, mo sì gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ jẹ́ orin ìjọ, àwọn obìnrin ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀. Èkejì, ẹkún. Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn tí Yotamu sọ pé òun pa á, ẹ̀rín ni! Ó kéré tán, ogójì èèyàn ló bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú àpò aṣọ, ẹ̀rín ogójì èèyàn ń dún bí òjò lórí páànù, Mubita sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa gbogbo wọn rẹ́.

Bí mo ṣe mọ̀ pé pósí wà nílẹ̀, gbogbo ìyókù yé mi. Bí Ngoni bá dùbúlẹ̀ síwájú pósí lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin kankan kì í dá a lóhùn. Ìyá tó bí òkú ni. Ìyá ló máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, òun náà ló máa bu omi dà á lórí kó tó dìde. Omi yẹn lohun tó tọ́ sí i, òun ló ń bèèrè. Ohùn kejì kò lè jẹ́ ti Kabaso láéláé. Ti ìyá Chewe ni, ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bana Chewe.

Ìdí tí Kabaso fi ní ohùn òun ni, ìyẹn ò yé mi.

Hamoonga fò sókè nígbà tí mo sọ fún un. Ó fẹ́ gba ilé ìyá náà lọ lójú ẹsẹ̀.

"Jókòó!" mo ní. "Bí o bá lọ bá a, agbẹjọ́rò ìjọba máa ní a kọ́ ọ lọ́rọ̀. Ṣebí ó ń bá ọmọ ẹ̀ wá sílé ẹjọ́? Jẹ́ kó fi etí ara ẹ̀ gbọ́ ohùn ẹ̀ níbẹ̀."

"Bí kò bá wá dá ara ẹ̀ mọ̀ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé Yotamu gbé nìyẹn," mo ní.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kún fọ́fọ́. Bana Chewe jókòó lẹ́yìn Kabaso, ó wé gèlè dúdú, kò wo apá ibi tí Yotamu dúró sí rárá. Wọ́n ti sọ fún un pé Yotamu jẹ́wọ́ fún Kabaso. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà, kò sí ẹni tó kà á fún un rí. Adájọ́ Siwale wọlé, àgbà ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Hamoonga kọ́kọ́ dojú kọ Mubita.

"Ọ̀gá Mubita, ta ló sọ fún yín pé ohùn kejì jẹ́ ti Kabaso?"

"Kabaso fúnra ẹ̀."

"Ta ló túmọ̀ Bemba náà sí Gẹ̀ẹ́sì?"

"Èmi ni. Kabaso ràn mí lọ́wọ́ níbi tó jinlẹ̀."

"Ibo ni kò ti jinlẹ̀?"

Mubita wo òkè, ó wo ilẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ìgbà mọ́kànlá lẹ kọ 'ariwo'. Kí ni wọ́n?"

"Ariwo ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ní kí n kọ, wọn ò ní kí n kọ ariwo."

Wọ́n wá pè mí. Madam Zimba, agbẹjọ́rò ìjọba, dìde sí mi. Obìnrin tó mọṣẹ́ ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

"Mama, ṣé òótọ́ ni pé ìbátan yẹ̀yẹ́ ni ẹ̀yin àti ẹni tó ń jẹ́jọ́ yìí?"

"Òótọ́ ni. Ti ẹ̀yin náà ńkọ́, Madam? Zimba kì í ṣe orúkọ Bemba, ó jọ ti Ngoni létí mi."

Ẹ̀rín sọ. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Nítorí náà, ẹ fẹ́ràn ẹ̀, ẹ fẹ́ gbà á sílẹ̀."

"Mo fẹ́ràn Ngoni? Olúwa mi, ẹ gbà mí! Àwọn tó gbẹ́ gbogbo oko wa nítorí eku? Bí wọ́n bá ní kí n yan ẹni tí màá gbà sílẹ̀, ewúrẹ́ mi ni màá kọ́kọ́ yàn."

"Ògbufọ̀," adájọ́ ní, "ìbéèrè ni kí ẹ dáhùn."

"Mo ti dáhùn ẹ̀, Olúwa mi."

Madam Zimba yíjú sí adájọ́. Ó ní ohùn náà kún fún ariwo, pé bí kò bá sí ìwé lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí tí a fi ń dààmú ilé ẹjọ́. Ìyẹn ni mo ti ń dúró dè. Mo sọ fún wọn bí ojú mi ṣe rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pé èmi tí mo ti fi etí jẹun láti ìgbà èwe, èmi gan-an gbọ́ Kabaso nígbà ogún, níbi tí Kabaso kò sí. Mo ní ìwé yẹn wọ etí mi lọ kí ohùn tó wọlé. Ìtìjú ni fún mi láti sọ ọ́ níwájú àwọn tó mọ̀ mí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Adájọ́ Siwale bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé èmi tí mo ti ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹfà, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni màá gbọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi. Ẹ foríjì mí."

Ó wá kọjú sí àwọn èrò. "Ta ni kò tíì ka ìwé yìí níbí?"

Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Ó ní kí gbogbo ẹni tó ní ìwé náà dojú rẹ̀ dé, ó dojú tirẹ̀ náà dé. Ó ní kí wọ́n fi ohùn náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀.

Aṣọ kọ́kọ́ ń ha. Lẹ́yìn náà orin ìjọ wọlé, mo sì rí i tí obìnrin kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sí i. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbé pósí. Ẹkún. Lójijì, ohùn Yotamu: "Èmi ni mo pa á! Ẹ wo ọwọ́ tí mo fi pa á!" Ẹ̀rín bú nínú sípíkà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sì wà nínú ilé ẹjọ́, àfi ọkùnrin kan nínú èrò tó pariwo ẹ̀rín kó tó rántí ibi tó wà. Ó di ẹnu ẹ̀ mú. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ràn wọ́n. Ilé ẹjọ́ ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn tó wà nínú ohùn, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró, nítorí gbogbo wa ló ti dúró níbi òkú bẹ́ẹ̀ rí. Mo wo adájọ́, ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ohùn kejì wọlé: "O ṣeun. Ó ti pẹ́ tí a ti ń bẹ̀ ọ́ pé kí o wá mú un lọ."

Bana Chewe dìde.

"Èmi nìyẹn," ó ní. Kò pariwo. "Ẹ dá a dúró. Èmi nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n gbé Chewe mi jáde nìyẹn."

Ọlọ́pàá kan fẹ́ fà á jókòó. Adájọ́ na ìka sí ọlọ́pàá náà, ìyẹn sì fi ìyá náà sílẹ̀. Wọ́n mú ìyá náà wọ àpótí ẹlẹ́rìí, ó búra.

"Mama," adájọ́ ní, òun fúnra ẹ̀ ló sì ń bá a sọ Bemba, "kí ni ẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń dá a lóhùn ni, baba. Ó dùbúlẹ̀ síwájú pósí ọmọ mi, ó ní òun lòun pa á. Bí mi ò bá dá a lóhùn, ṣé òkú á jáde? Mo da omi lé e lórí, ó fò dìde, ó ní omi tútù jù, ó ní Bemba ahun. Baba, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò sọ̀rọ̀, mi ò jẹ, mi ò mu. Mo ti pinnu pé màá tẹ̀lé Chewe. Ọmọ yìí ló fi ẹ̀rín fà mí padà." Ó yíjú, ó wo Yotamu fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mọ́kànlá. "Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n torí ẹ̀ tì ọ́ mọ́lé? Ọ̀rọ̀ tí ìwọ àtèmi jọ sọ?"

Yotamu mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Adájọ́ ní kí Kabaso padà wá sínú àpótí ẹlẹ́rìí. Ó bi í pé kí ló dé tó fi gba ohùn ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀.

Kabaso gbá etí àpótí ẹlẹ́rìí mú. "Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mo wà tí àǹtí mi fi mú mi lọ sí Johannesburg," ó ní. "Òkú Bemba kan ṣoṣo tí mo tíì bá wọn sin láyé mi ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo tan fóònù sínú àpò mi kí n lè gba orin ìsìnkú náà sílẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan tó ń sọ níwájú pósí pé òun lòun pa á. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní ó ṣeun, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń bẹ̀ ẹ́. Mo rò pé... mo rò pé gbogbo wọn ló mọ̀. Mo rò pé ìyá mi ló rán an. Mo fẹ́ kí wọ́n mú ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n mú ìyá mi. Mo bá sọ fún Ọ̀gá Mubita pé èmi ni mo sọ̀rọ̀ yẹn."

Inú tó ń bí mi sí ọmọ yẹn láti ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn, mi ò mọ ibi tó gbà lọ.

Madam Zimba dìde. Ó ní ìjọba ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn láti sọ, ó sì jókòó. Mo ti sọ pé obìnrin náà mọṣẹ́. Adájọ́ ò tilẹ̀ kúrò lórí àga. Ó ní ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ìjọba ní sí ẹni yìí ni ìwé, ìwé náà sì jẹ́ ohun tí ẹlẹ́rìí kan rò pé òun gbọ́, tí ọlọ́pàá kan tẹ̀, tí kò sẹ́ni tó padà lọ tẹ́tí sí ohùn fúnra rẹ̀. Ó ní òun gan-an fẹ́ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí èèyàn, òun ò sì ní gbàgbé ọjọ́ òní. Ó gbé ojú sókè.

"Yotamu Jere, kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn ẹ. Máa lọ sílé."

Ẹ ò tíì gbọ́ ariwo rí! Àwọn obìnrin fi ahọ́n kọrin ayọ̀ títí ògiri fi ń mì. Hamoonga gbá mi mọ́ra, ó gbé mi kúrò nílẹ̀, èmi ìyálé ilé tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ba Sinkala ti yàrá ìwé sáré wá, ó ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní, "Ìwọ lo ṣẹ́gun, máa jẹun ẹ lọ!" Inú mi dùn débi pé mo ń jó lójú pópó, mi ò sì tijú.

Níta, lábẹ́ igi máńgòrò, Bana Chewe dúró níwájú ọmọ rẹ̀.

"Oṣù mọ́kànlá ni o fi ń jẹ nshima mi," ó ní. "O sì rò pé èmi ni mo pa ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama."

"O ṣáà ń jẹ ẹ́?"

"Ẹ̀yin lẹ bí mi," Kabaso ní, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra, ó gbé orí ẹ̀ sí àyà.

Yotamu jáde wá, ó gbé àpò kékeré kan lọ́wọ́. Gbogbo wa yà fún un. Kabaso rí i, ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́ bí a ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ tiwa. Ẹnì kan ti kọ́ ọ ní ìyẹn, ó kéré tán. Yotamu dúró lé e lórí, ó ń wò ó. Oṣù mẹ́wàá ọgbà ẹ̀wọ̀n wà lójú ẹ̀, mo rí gbogbo wọn. Mi ò bá tí dá a lẹ́bi ká ní ó kọjá lọ.

"Dìde," ó ní níkẹyìn, ohùn ẹ̀ sì há bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún ìgbà pípẹ́. "Dìde, Bemba ojo. Ẹ̀ ń pe ara yín ní jagunjagun, fóònù lẹ fi ń jagun."

Gbogbo wa yíjú sí Kabaso. Kò mọ ohun tó máa ṣe. Ó wo ìyá ẹ̀.

"Dá a lóhùn," Bana Chewe ní. "Má dójú tì mí. Dá a lóhùn."

Kabaso nu imú ẹ̀. Ó wo Yotamu láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ọrùn ẹ̀ tó ti gùn jáde nínú aṣọ, ó mí kanlẹ̀. "Ṣé o rò pé adájọ́ ló dá ẹ sílẹ̀ ni?" ó ní. "Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló kọ̀wé bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní o ti jẹ ẹ̀wà wọn tán, o ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀kùn."

Yotamu jọ̀wọ́ àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀ kanlẹ̀, ó gbá orúnkún mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí tó fi di igi máńgòrò mú kó má bàa ṣubú.